Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá fi ń yangàn bí ilé tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́. Oníṣòwò tí ń tajà ní Kánò, olùkọ́ ní Jọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ tí ń bẹ ní òkè òkun, gbogbo wọn ni ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí òrùlé tiwọn lè wà ní ilé baba wọn. Ó ṣe ni láàánú pé púpọ̀ nínú wọn a máa fi ọdún mẹ́wàá kó owó jọ, wọn a sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yan ẹni tí yóò ná an.

Àwọn àgbà ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Èkó, ó sì pa àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ.

Kọnkéré a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí a bá ti rẹ́ ògiri tí a sì kùn ún tán, ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì pé tàbí kò pé. Agbaṣẹ́ṣe tí kò lóòótọ́ a bu omi púpọ̀ sí i kí ó lè tètè ṣàn. A lo yanrìn etí òkun tí iyọ̀ inú rẹ̀ ń mú kí ọ̀pá irin dípẹtà. A yọ pákó àti ọparun kúrò lábẹ́ dẹ́kìn kí ó tó gbó. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa pọ́n omi sí kọnkéré fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ọjọ́ 28 sì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára rẹ̀.

Nítorí náà, kí onílé má ṣe fi ẹ̀dínwó nìkan yan agbaṣẹ́ṣe. Kí ó lọ wo ilé mẹ́ta tí ẹni náà ti kọ́, tí òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé lórí, kí ó sì bi àwọn tí ó ni ín léèrè nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kò sí níbẹ̀. Kí ó bèèrè ẹnjiníà tí yóò bojú tó iṣẹ́ náà, kí ó sì rí i pé orúkọ rẹ̀ wà ní ìwé àjọ COREN. Kí àdéhùn wà ní kíkọ: irú sìmẹ́ǹtì, ìwọ̀n ọ̀pá irin, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Kí owó sì máa tẹ̀lé iṣẹ́, kí ó má ṣe ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ ní láti yan ẹni tí yóò dúró tì í ní ọjọ́ tí a bá ń po kọnkéré, nítorí ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe nìkan. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Onílé tí ó dúnàádúrà títí èrè fi tán lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tàbí tí ó gbé àjà kejì lé ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún ilé ilẹ̀, òun gan-an ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ewu.

Ìjọba pẹ̀lú ní ẹjọ́ láti jẹ́. Láti ọdún 2006 ni òfin ilé kíkọ́ ti wà fún gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò gbé òrùlé dúró. Kí àwọn aṣojú ìjọba wá kí a tó da kọnkéré, dípò kí wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri tí ó ti là. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ orúkọ àwọn agbaṣẹ́ṣe tí a ti dán wò mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ní èdè tí ará ìlú lè kà. Ilé ni ogún tí òtòṣì lè fi sílẹ̀ fún ọmọ; kò yẹ kí ó di ibojì wọn.