Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Òbí Tí Èsì Common Entrance Ti Tẹ̀ Lọ́wọ́

 

Láti ìgbà tí èsì ìdánwò àwọn ọmọ Páírámárì 6 ti ń jáde, fóònù wa ò sinmi. "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà, ọmọ yìí ò rí King's College wọ." "Dádì, kí ni Ọlọ́run ń sọ lórí ilé ìwé tí ọmọ wa máa lọ?" Àwọn kan tilẹ̀ kọ orúkọ ilé ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ní ká gbé e síwájú Olúwa ká sì mú ọ̀kan. A ó gbàdúrà, iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń béèrè yìí, bírò àti ìwé ló máa dáhùn ẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti máàkì, torí òun ló ń fa igbe nínú ilé. King's College ti wà láti 1909, Queen's College láti 1927. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun wọ ibẹ̀? Ṣùgbọ́n iye máàkì tí wọ́n fi ń mú ọmọ wọ ilé ìwé ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ẹ wo ti ọdún 2013: Anambra 139, Èkó 133, Ògùn 131, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun 127, Èkìtì 119. Ní Zamfara, 4 ni ti ọkùnrin, 2 ni ti obìnrin. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ méjì lè máa gbé ojúlé kan náà ní Àgọ́ Palace níbí, kí wọ́n jọ jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò kan, kí àwọn méjèèjì gba 130. Ọmọ Èkìtì ti kọjá ààlà, ọmọ Èkó ò tíì dé e. Èwo nínú wọn wá ni olódo? Bóyá òfin yẹn dáa tàbí kò dáa, a ní èrò tiwa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ yéé pe ọmọ ọdún mọ́kànlá ní olódo nítorí máàkì mẹ́ta. Bàbá kan ò bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹ ṣàánú o.

Ó wá kan owó. Ibí gan-an la fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ọdún mẹ́fà ni girama, sáà mẹ́ta lọ́dún. Ìgbà méjìdínlógún ni wọ́n máa fi ìwé owó ránṣẹ́ sí yín. Sáà kìíní nìkan lọ̀pọ̀ òbí ń ṣírò. Wọ́n á kó àjọ, wọ́n á ta fìríìsà, wọ́n á yá owó èlé, wọ́n á ra fóòmù, korobá, àpótí àti yúnífọ́ọ̀mù oríṣi mẹ́rin, wọ́n á ya fọ́tò sórí sítátọ́ọ̀sì. Gbogbo wa á kọ "Congratulations". Lẹ́yìn náà ni sáà kejì á dé. A ti rí i nínú ìjọ yìí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ: ọmọ tó wọ ilé ìwé olówó gọbọi pẹ̀lú ariwo, wọ́n dá a padà wálé ní JSS 2 nítorí gbèsè, wọ́n sì di èsì ẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú wọn lọ ilé ìwé mẹ́ta kó tó ṣe WAEC. Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo rárá, ìtìjú ló jẹ́ kó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kíláàsì.

Ẹ má sì rò pé ti ìjọba àpapọ̀ ò ní ìnáwó. Ní 2023, wọ́n gbé owó tí ọmọ tuntun máa san kúrò ní ₦45,000 lọ sí ₦100,000. Jésù Olúwa wa sọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Lúùkù 14, tó yẹ kó jókòó ṣírò owó kó má baà pa iṣẹ́ tì láàrin ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó la máa ń fi ẹsẹ yẹn wàásù fún. Ó kan ẹni tó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JSS 1 náà. Tí ẹ ò bá rí bí ẹ ṣe máa san sáà kejìdínlógún, ẹ má san ti àkọ́kọ́.

Ẹ tún wo ọ̀nà. Ẹ̀yin náà mọ àdúgbò wa. Láti September 2022 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní gbogbo Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Tí òjò bá rọ̀, ẹ mọ bí omi ṣe máa ń ṣe wá. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ kó lè dé Cele kí sún kẹrẹ fà kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, tó ń wọ dáńfó méjì, tó ń délé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ kàwé? Ilé ìwé tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé kì í ṣe ilé ìwé tálákà.

Àwọn tó fẹ́ fi ọmọ sí bọ́dìńgì, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Queen's College ní 2017. Àìsàn inú bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ kan kú, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kòkòrò wà nínú omi wọn. A ò sọ ọ́ láti ba ilé ìwé náà lórúkọ jẹ́ o. Orúkọ ńlá ò ní kí omi mọ́, òun la fi sọ ọ́. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ẹ wo ilé ìdáná, ẹ béèrè iye ọmọ tó ń sùn nínú yàrá kan. Hana mú Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò, kò sì sí orúkọ tó ju Ṣílò lọ nígbà yẹn, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Élì ti ń hùwà ìbàjẹ́. Ọdọọdún ni Hana ń padà lọ pẹ̀lú ẹ̀wù kékeré fún ọmọ ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ráyè fún ọjọ́ àbẹ̀wò?

Ilé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ wà. A mọ̀ pé ojú á máa ti àwọn kan láti dárúkọ ẹ̀. Òfin UBE ti 2004 ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé JSS 3. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande kọ́ àwọn ilé ìwé tiẹ̀, àwọn kan ní ilé adìyẹ ni. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń jókòó lórí àga iwájú nínú ìjọ lónìí. A ò ní parọ́ fún yín, kíláàsì míì kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n òbí tó ń yẹ ìwé ọmọ wò lálaalẹ́, tó fi owó tó ṣẹ́kù san lẹ́sìnnì, ó sàn ju ẹni tó ń san owó ńlá fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ "College" sí lára lọ, tí kò ní láàbù, tí ìjọba ò sì tíì fọwọ́ sí. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn. Ẹ má tijú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fo Páírámárì 6, kí lẹ ń sáré lọ mú? JAMB ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò ní wọ yunifásítì, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n dá yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbó.

Ọ̀rọ̀ míì rèé, ẹ má bínú sí wa. Tí ẹnì kan bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín "fi orúkọ ọmọ sí lísìtì", ẹ má gbé e wá sórí pẹpẹ wa bí ìjẹ́rìí. A ò ní bá yín ṣe Halelúyà. Ọmọ yín mọ̀ pé ẹ ra á.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, àwọn olùkọ́ tó wà nínú ìjọ, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa jókòó ti ẹ̀yin òbí ní gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà lè wá. Ẹ mú èsì dání, ẹ mú ìwé owó ilé ìwé tí ẹ ń rò dání, ẹ sì kọ iye tó ń wọlé fún yín lóṣù sínú bébà. Òótọ́ ni kí ẹ kọ, a ò ní kà á sókè. Ẹ mú ọmọ náà wá pẹ̀lú, torí òun gan-an ló máa lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ò sì tíì bi í. Aago méje ààbọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀.