Ta ni wọ́n ń kà mọ́ òṣìṣẹ́ ní Adja-Ouèrè?

Ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, bíi 62 ló ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́. Ní erékùṣù Madagásíkà, wọ́n lé ní 80. Ṣé ọ̀lẹ wá ni àwọn ará Amẹ́ríkà? Rárá o. Ọ̀pọ̀ wọn wà nílé ìwé, ọ̀pọ̀ sì ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Àgbẹ̀ tiwa ńkọ́? Títí agbára yóò fi tán lára rẹ̀ ni yóò máa lọ sóko.

Ohun tó ń dùn wá ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà wá. Láti ọdún 2013, àwọn oníṣirò tó pé jọ lábẹ́ Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) ti fẹnu kò pé ẹni tó ń dáko kìkì fún oúnjẹ ilé rẹ̀ kò sí lára àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá tó gbin ẹ̀gẹ́, tó yan gàrí, tí ọmọ àti ọkọ jẹ ẹ́ tán, kò sí nínú òǹkà. Bó bá gbé gàrí kan náà lọ sọ́jà Ikpinlè, ó di òṣìṣẹ́! Ọkọ́ kan náà, òógùn kan náà.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí àwọn INStaD bá dé, ẹ má kàn dáhùn pé ilé lẹ wà. Ẹ ka igbá gàrí tẹ́ ẹ tà fún wọn, kẹ́ ẹ sì ka èyí tẹ́ ẹ jẹ mọ́ ọn.