Kálàmù Tablet Dára, Àmọ́ Ẹ Má Ju Nóòtù Nù

Látìgbà táwọn kan ní SS 2 ti ń fi kálàmù kọ nóòtù sórí tablet, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n, àwọn kan ní ayé ti lajú. Èmi náà fẹ́ sọ tẹnu mi.

Kálàmù tablet ò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀lẹ. Ọwọ́ náà la ṣì fi ń kọ ọ́. Ní 2014, Mueller àti Oppenheimer tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà: àwọn tó fọwọ́ kọ nóòtù dáhùn ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ ju àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó ń fọwọ́ kọ ò lè bá ẹnu olùkọ́ sáré, àfi kó yan kókó ọ̀rọ̀.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, àǹfààní mìíràn tún wà. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù, ká tó wá ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn rí, olùkọ́ ti nu bọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú kálàmù, ibi tọ́wọ́ bá fi àmì sí ló ń wà. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ò ní dàpọ̀.

Kí ló wá dé tí mo ní kẹ́ ẹ má ju nóòtù nù? Hostel la wà, kì í ṣe ilé. Lọ́sẹ̀ ìdánwò tó kọjá, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́. Tablet mi kú pẹ̀lú gbogbo nóòtù Bàólọ́jì mi nínú. Àwọn tó ní ìwé tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kàwé. Èmi ń wo àjà. Ọ̀rẹ́ mi ló yá mi ní nóòtù tiẹ̀ ní ìdájí. Ọ̀rẹ́ yìí kan náà wà ní sick bay fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún tó kọjá, nóòtù mi ló sì dà kọ. Tó bá tún ṣàìsàn báyìí ńkọ́? Ṣé màá lè gbé tablet fún un lọ? Tablet ò ṣeé yá bí ìwé.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹni tó ní tablet, kó máa lò ó, àmọ́ kó da kókó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ sínú ìwé kí prep ọjọ́ Friday tó parí. Kó má sì fojú ará oko wo ẹni tí kò ní. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ti tablet àti ìwé rí.