Ọ̀dà Tuntun Kò Ní Kí Ilé Lágbára

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń tà ní ìgbèríko lónìí rí. Wọ́n á kun ọ̀dà sí i lára, wọ́n á gbá àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wò ó láti ojú títì á ní ilé nìyí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn?

Owó ilé ní ìgboro ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń wá ilé rà sí abúlé tàbí ìlú kékeré, níbi tí owó ò ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn fẹ́ padà sí ìlú bàbá wọn lọ sinmi lọ́jọ́ alẹ́. Ète náà dáa púpọ̀. Àmọ́ owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á kì í ṣe owó tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Owó àjọ ni, owó èésú ni, owó tí èèyàn fi ogún ọdún jókòó nínú oòrùn kó jọ ni. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wọnú ilé tó ti ń kú lọ, ta ni yóò dá a padà?

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọjà yẹ̀ wò bí àwọn èèyàn yìí kan náà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà kì í ra àpò ẹ̀wà láìti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, torí ó mọ̀ pé èyí tó dáa ni wọ́n máa ń kó sókè. Ìyá elépo á tọ́ epo wò, á gbóòórùn rẹ̀. Oníṣu á tẹ ìdí iṣu. Awakọ̀ kì í ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ láìmú mẹkáníìkì dání. Ó wá ku ilé, tí owó rẹ̀ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ó wá di "Mo ti rí i, ó wù mí, ẹ gba owó." Ṣé bí a ṣe ń ṣòwò nìyẹn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé bí wọ́n bá ti dárúkọ sọ́fẹ́, ilẹ̀ ni ọkàn gbogbo èèyàn máa ń lọ. Sọ́fẹ́yọ̀ ilẹ̀ á wọn ilẹ̀, á wo òkúta tí wọ́n rì sí igun rẹ̀, á ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Lọ́yà á yẹ ìwé wò, á wádìí bóyá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí títà náà, á sì wo ohun tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 là sílẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì pọn dandan, kí ẹnikẹ́ni má fò wọ́n o. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ò mọ̀ bóyá ikán ti jẹ igi òrùlé. Òkúta sọ́fẹ́ ò lè sọ bóyá ìpìlẹ̀ ti ń rì. Ìwé lè mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, kí ilé sì máa wó lọ.

Àyẹ̀wò kẹta ló kù, ìyẹn àyẹ̀wò ilé fúnra rẹ̀ látòkè délẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń fò. Bẹ́ẹ̀ ìlànà tí ilé-ẹjọ́ ń tẹ̀ lé lórí ilé títà ni pé kí olùrà la ojú ara rẹ̀. Bí ẹni tó tà á kò bá purọ́, tí kò sì ṣèlérí kankan, àbùkù tí èèyàn bá bá nínú ilé lẹ́yìn tó ti sanwó, tirẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó rí ilé oníyàrá mẹ́rin ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìwó. Lọ́yà ti wo ìwé, ó ní ó pé. Ajẹ́ńtì ń pè é láàárọ̀, ó ń pè é lálẹ́: "Màmá, ẹ tètè ṣe é o. Alájì kan láti Èkó ti ń yọjú sí i." Ìyá ò kánjú. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan dání, wọ́n jọ lọ síbẹ̀. Ẹnjiníà fi ìka kan ògiri. Ó dún bí igbá òfìfo.

"Màmá, ẹ fetí sí i. Sìmẹ́ńtì yìí ò lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́."

"Ṣé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ ni, ọmọ mi?"

"Rárá, mà. Amọ̀ ni. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bò ó lójú."

Ajẹ́ńtì bá dá sí i: "Ọ̀gá, kí ló burú nínú amọ̀? Ilé àwọn bàbá ńlá wa ńkọ́?"

"Mi ò ní amọ̀ burú. Omi tó há sáàárín amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ló burú. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn yẹn dà?"

"Ẹrù ni wọ́n kó síbẹ̀."

"Ẹ bá wa kó o jáde."

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti bá a. Ògiri ti là láti igun fèrèsé títí dé òkè àjà, ìka èèyàn sì lè wọ ibi tó là. Bí ìyá bá ti sanwó kó tó débẹ̀, ọjọ́ tó bá sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò ni ì bá tó mọ ohun tó rà.

Ọ̀rọ̀ amọ̀ yẹn gba àlàyé. Àwọn baba ńlá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òrùlé wọn á yọ síta dáadáa, kí òjò má baà na ògiri. Amọ̀ máa ń mu omi díẹ̀, afẹ́fẹ́ àti oòrùn á sì fà á jáde. Nígbà tí sìmẹ́ńtì bá wá bò ó, omi tó bá gba ojú ibi tó sán wọlé kò ní ráyè jáde mọ́. Amọ̀ á wú, á tún sún kì, sìmẹ́ńtì ò sì ní bá a ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ya ara wọn nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Lójú ẹni tó ń ra ilé, omi ló ń kọ́kọ́ wọlé kí aláǹgbá tó dé.

Kì í ṣe gbogbo ibi tó sán ló yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù. Èyí tó tín-ín-rín bí irun lójú sìmẹ́ńtì kì í sábà ju ọ̀rọ̀ ìkun lọ. Èyí tó gba igun ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé lọ ní ìdábùú, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn lè jẹ́ àmì pé apá kan ìpìlẹ̀ ń rì. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń lò: wọ́n á lẹ sìmẹ́ńtì díẹ̀ gba ojú ibi tó là, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i lára. Bí wọ́n bá padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tó ti ya, ilé náà ṣì ń rìn lọ nìyẹn.

Òrùlé ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò gbọ́dọ̀ gun òkè àjà lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ wọlé, òjò á gba ibẹ̀ wọlé. Bí ibì kan ṣoṣo bá jẹ́ ọ̀dà tuntun lára àjà, kí èèyàn béèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àjà bá sì jẹ́ ti asbestos, irú páálí líle aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ ọ tàbí kó fi ayùn rẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ikán ńkọ́? Ọ̀daràn ni. Inú igi ló ń jẹ, á fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kó máa tan èèyàn jẹ. Kí wọ́n fi irin ṣóṣóró gún igi òrùlé àti férémù ilẹ̀kùn káàkiri. Bí irin bá wọlé wọ̀ọ̀, igi ti tán. Kí wọ́n sì wo ìdí ògiri bóyá wọ́n á rí ọ̀nà erùpẹ̀ tín-ín-rín tí ikán mọ gòkè.

Lẹ́yìn èyí, omi. Kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí sáláńgá tàbí ṣọ́kàwée tó mítà 30 ó kéré tán, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100, kó sì wà lápá òkè ilẹ̀. Ti aládùúgbò náà wà nínú ìṣirò yìí o, kì í ṣe ti inú ọgbà nìkan. Kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá omi ti fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè "Ṣé omi máa ń wọ ibí?" kì í ṣe ìbéèrè tí à ń bi ẹni tó ń ta ilé. Ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé ni kí ẹ bi. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé ya wọ Ìbàdàn, ó gbé ilé àti afárá lọ, èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀, ìbáà jẹ́ nígboro tàbí lábúlé.

Bí àyè bá wà, ẹ̀ẹ̀mejì ló dáa kí wọ́n yẹ ilé wò: ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn òjò ńlá, kí wọ́n mọ ibi tó ń jò, ẹ̀ẹ̀kan lójú ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n mọ̀ bóyá kànga máa ń gbẹ. Ilé tí wọ́n fẹ́ tà kíákíá ní oṣù Kejì, ẹ̀rù òjò lè máa ba olówó rẹ̀.

Ta ni kí èèyàn wá gbé iṣẹ́ yìí fún? Ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN ni, tàbí ọ̀mọ̀ràn nípa ilé àti iye owó rẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn béèrè bóyá ó ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí. Bí agbára ò bá ká a rárá, bíríkìlà àgbà kan, káfíńtà kan àti oníná kan tí wọ́n mọṣẹ́ dunjú sàn ju ojú lásán lọ. Àmọ́ kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí ajẹ́ńtì mú wá, nítorí ẹni tó bá ń jẹ nínú owó títà ilé ò ní sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tó bá rí, kó kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tó bàjẹ́, ohun tó fà á, ohun tí àtúnṣe yóò ná èèyàn, àti èyí tí kò ṣeé dúró dè. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò ṣeé mú lọ síbi tí wọ́n ti ń ná ilé.

Àwọn ọmọ tó wà ní Ìlú Ọba náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀, ìpele mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn sọ́fẹ́yọ̀ ilé tí wọ́n ń pè ní RICS pín àyẹ̀wò ilé sí, ìpele kẹta tó jinlẹ̀ jù ni wọ́n sì ń gbani níyànjú pé kí wọ́n ṣe fún ilé àtijọ́. Ọmọ tó san owó àyẹ̀wò kó tó ra ilé ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò wo fọ́tò mẹ́rin lórí fóònù, tí yóò sì fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n ra ilé fún màmá òun. Fọ́tò kì í gbóòórùn ògiri tútù o!

Ìwé àyẹ̀wò ò ní kí èèyàn má ra ilé. Ohun mẹ́ta ló lè fi ṣe. Bí ìpìlẹ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kó sá. Bí ó bá jẹ́ òrùlé àti igi, kó fi ìwé náà ná owó wálẹ̀ dé ibi tí owó àtúnṣe yóò fi jáde nínú rẹ̀. Bí kò bá sì sí wàhálà, kó rà á kó sì sùn dáadáa. Owó tí èèyàn san fún ẹni tó sọ pé "Ẹ má rà á" kì í ṣe owó tó ṣòfò.

Nítorí náà, bí ajẹ́ńtì bá tún ń kán yín lójú pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé pọ̀ nígbèríko. Owó ogún ọdún kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kẹ́ ẹ tó sanwó.