Owó Ìlú àti Àwọn Eléré Ìdárayá

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó máa wà lọ́kàn àwọn tí ń ná owó ìlú sórí eré ìdárayá ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní ọdún 2024, bílíọ̀nù 12 náírà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fún ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris àti ti àwọn abirùn tí ó tẹ̀lé e. Ní Òlíńpíìkì náà, Nàìjíríà kò gba àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo. A kò fi orúkọ Favour Ofili sílẹ̀ fún eré 100 mítà. Kẹ̀kẹ́ tí a yá lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ni Ese Ukpeseraye sì fi díje.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé kí ìjọba má ná kọ́bọ̀ sórí asáré mọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé. Ìbínú wọn tọ́, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í ṣe pé ìlú ń ṣahun. Ìlú kò fẹ́ máa fi agbọ̀n pọn omi ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Tobi Amusan. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 2022, ó sá eré 100 mítà tí a ń fo igi ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, títí di ọjọ́ náà, obìnrin kan kò sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n yunifásítì kan ní Texas ni ó ti di akọni, Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà, ni ó sì kọ́ ọ.

Jàmáíkà náà kò ju erékùṣù kékeré lọ. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1910 ni àwọn ilé-ìwé gíga ibẹ̀ ti ń bá ara wọn díje nínú eré sísá, níbi tí Usain Bolt pàápàá ti sáré fún ilé-ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1980, wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì G. C. Foster, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé owó tí a ná sórí pápá ìṣeré àti olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í ṣe owó asáré kan. Owó gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni. Ẹni tí yóò gba wúrà kàn jẹ́ èso orí igi náà ni. Nítorí náà, kí ìjọba dẹ́kun títa pápá ilé-ìwé, kí ó gba àwọn olùkọ́ eré ìdárayá tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ń kọ́ jáde síṣẹ́, kí ó sì máa ṣírò owó náà fún aráàlú. Bí ojú bá rí ohun tí owó ṣe, ọwọ́ kò ní lọ́ra láti san án.