Google Kò Mọ Tírélà

Tírélà ni mo ń wà, láti èbúté Tema lọ sí Paga létí ààlà Burkina Faso. Google Maps dára fún ẹni tó ń wa Toyota kékeré. Kì í béèrè gíga ọkọ̀ tàbí ìwọ̀n ẹrù. Ọ̀nà àbùjá tóóró ní Madina ló máa júwe fún mi!

Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ tí ọ̀gá wa fi sára ọkọ̀ ńkọ́? Ìyẹn kì í sùn. Mo yà ní Nkawkaw, fóònù dún: "Kí lò ń dúró ṣe?" Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nsawam dá mi dúró, mo pẹ́, ọ̀gá gé owó mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ìrìnnà Ghana ti ọdún 2012 ní ká sinmi lẹ́yìn wíwakọ̀ fún wákàtí 4. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn ka ìsinmi wa pẹ̀lú.