Ìwé Ẹrù Ló Ń Purọ́, Kì í Ṣe Aṣọ

Bí a bá ní ká tẹ̀lé ìwé tí wọ́n fi já a kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀pọ̀ nínú àńkárá tí ó ń gba ẹnubodè Yewa wọlé kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Èbúté Kútọnu ni ó gúnlẹ̀ sí, orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n sì kọ sórí ìwé ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ọjà Ìlaró àti Ayétòrò ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ní yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà. Ìdájọ́ wa kò lọ́jú pọ̀: ibi tí wọ́n ti kọ irọ́ náà ni kí ìjọba ti mú un, kì í ṣe ìdí àtẹ ẹni tí ó jókòó sọ́jà.

Niger lẹ́tọ̀ọ́ tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè náà kò ní òkun. Aṣọ tí ó bá ń ti Kútọnu lọ sí Niamey yóò rin ohun tó lé ní 1,000 kìlómítà, yóò gba Parakou kọjá, yóò sì sọdá Odò Ọya ní Malanville kó tó tẹ ilẹ̀ Niger. Nítorí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ni ECOWAS ṣe fọwọ́ sí àdéhùn ìrékọjá ẹrù ní Kútọnu lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982. Àdéhùn náà ní kí wọ́n fi èdìdì de ọkọ̀ ẹrù, kí ẹlẹ́rù ní onídùúró, kó má sì san owó ibodè àfi ní ibi tí ẹrù ń lọ. Òfin tó dára ni. Nígbà tí ECOWAS fìyà jẹ Niger lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje ọdún 2023, a rí bí ẹrù ṣe há sí Kútọnu, tí ìnira sì bá aráàlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. A kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ní etí òkun.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi ẹ̀tọ́ Niger bora. Wọn a kọ Niger sórí ìwé kí wọ́n má bàa san owó ibodè. Ọkọ̀ a kúrò ní Kútọnu, kò ní fojú kan Malanville. Wọn a tú ẹrù sí ilé ìkẹ́rùsí, wọn a pín bẹ́lì sí kéékèèké, ọlọ́kadà a sì gbé e gba Kétu, Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ wọlé. Kí onídùúró tó lè bọ́ nínú ìdúró rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí ìwé pé ẹrù ti dé ibi tó ń lọ. Òǹtẹ̀ yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ìwé àti ẹni tó lu òǹtẹ̀ ló ń jẹ èrè ńlá. Ẹni tó gbé bẹ́lì gba inú igbó ló ń fi ẹ̀mí wewu.

Àwọn kan a tún máa sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ará Yewa ni fàyàwọ́ wà. Irọ́ ni. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sáàárín wa, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá fúnra rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń gbà lọ sóko bàbá rẹ̀ ni ìjọba ń pè ní ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ìbínú àwọn tó ń hun aṣọ nílẹ̀ yìí kò ṣàì nídìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kaduna ti ilẹ̀kùn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì di aláìníṣẹ́. Aṣọ tí kò san owó ibodè wà lára ohun tó pa á, gẹ́gẹ́ bí iná tí kò dúró àti epo dúdú tó wọ́n gógó. Ìjọba kò sì dákẹ́. Ó fòfin de aṣọ òkèèrè, ó sì tún gbé òfin náà kúrò lọ́dún 2010. Ó ya ₦100 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ. Lọ́dún 2019, Báńkì Àpapọ̀ kọ̀ láti ta dọ́là fún ẹni tó bá fẹ́ kó aṣọ wọlé. Lọ́dún 2023, ó yí ìyẹn náà padà. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó bi ìwé ẹrù Kútọnu léèrè ọ̀rọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ní kí epo bẹntiróòlù má dé ilé epo tí kò jìnnà ju 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Àgbẹ̀ tí kò ta aṣọ rí ń wá epo kiri, oníṣòwò tó fẹ́ san owó ibodè kò ríbi san án, fàyàwọ́ kò sì dáwọ́ dúró. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Kí aṣọ́bodè Nàìjíríà, Benin àti Niger lo ètò SIGMAT, tí ECOWAS gbé kalẹ̀ láti so kọ̀ǹpútà aṣọ́bodè pọ̀, kó má sí onídùúró tí yóò bọ́ títí Niger fúnra rẹ̀ yóò fi jẹ́rìí pé ẹrù dé. Bí kò bá dé, kí onídùúró san gbogbo owó náà, kí orúkọ ẹlẹ́rù sì kúrò nínú ìwé àwọn tó lè kó ẹrù kọjá. Ní Ìdí-Ìrókò àti Ìlárá, kí wọ́n ṣí tábìlì kan fún oníṣòwò kékeré, níbi tí yóò ti san owó tó mọ níwọ̀n lórí bẹ́lì kan tàbí méjì, tí yóò sì gba rìsíìtì tí gbogbo ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún títí dé Ayétòrò. Ẹ̀yin oníṣòwò náà, bí tábìlì yẹn bá ti wà, ẹ kò ní àwáwí mọ́. Ẹ san án.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Láti ọdún yìí wá, adìẹ nìkan ni wọ́n ń bá wí ní Yewa. Akátá wà ní èbúté, ó mú gègé lọ́wọ́, ó ń kọ Niger sórí ìwé. Ẹ lọ mú un níbẹ̀.